Kí Àgbàrá Má Gbé Oko Lọ: Èwo Ló Bá Ilẹ̀ Yín Mu?

Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ tó dàgẹ̀rẹ́ ní agbègbè Ìbàdàn, Ìṣẹ́yìn, Ìdànrè tàbí Èkìtì yóò mọ àmì náà. Òjò àkọ́rọ̀ kan á rọ̀ gidi, omi pupa á ti inú oko ṣàn bọ́ sójú títì, gbòǹgbò àgbàdo á yọ síta, òkúta wẹ́wẹ́ tí kò sí lójú ilẹ̀ lọ́dún tó kọjá á sì wá tẹ́ rẹrẹ. Nígbà yẹn ni ìmọ̀ràn máa ń pọ̀. Ẹnì kan á ní kí ẹ gbin koríko vetiver, òmíràn á ní kí ẹ kọ ebè dábùú, òmíràn á ní mucuna, ìbátan wèrèpè tó ń nà bo ilẹ̀, ló kù. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ohun tó gba oko ẹnì kan là lè ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ọ̀nà mẹ́fà la gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí.

Ohun tí àgbàrá ń gbé lọ

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko wa ti ara òkúta àtijọ́ bíi granite àti gneiss jáde. Òjò àti ooru ló ń jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀. Apá tó jẹ́ feldspar nínú rẹ̀ á di amọ̀; quartz tí kì í tètè jẹrà á ṣẹ́ kù, òun ló di yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Ewé tó ń rà, gbòǹgbò, ekòló àti ikán ló wá ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ilẹ̀ dúdú. Iṣẹ́ náà lọ́ra débi pé sẹ̀ǹtímítà kan ilẹ̀ dúdú lè gba ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo bó ṣe ń lọ. Bí àgbàrá bá bó mílímítà kan péré kúrò lójú hẹ́kítà kan, ohun tó lọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 13, tó túmọ̀ sí nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5 lórí éékà kan. Ojú kì í rí mílímítà kan. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń dúró de kòtò kó tó ṣe nǹkan ti pẹ́ jù. Lórí irú àwọn ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Ìwó àti Ẹ̀gbẹ́dá pè, òkúta wẹ́wẹ́ ló tẹ̀ lé ilẹ̀ dúdú, kò sì jìn. Bí ti òkè bá lọ tán, orí òkúta lẹ ó máa gbin iṣu.

Ìbéèrè mẹ́rin tí a fi ń yàn

Èkíní: báwo ni ilẹ̀ náà ṣe dàgẹ̀rẹ́ tó? Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ wá igi méjì tó gùn ní mítà 2, ẹ kan orí wọn pọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn sí mítà 2, kí ẹ sì kan igi kékeré kan dábùú láàárín. Ẹ so okùn mọ́ orí igi náà, kí òkúta kan rọ̀ sí ìdí okùn, kó máa gba iwájú igi ìdábùú kọjá. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ kan èèkàn sí ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà, ẹ sàmì sí ibi tí okùn bọ́ sí. Ẹ yí i padà kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí ipò ti òsì, ẹ sàmì kejì. Àárín àmì méjèèjì ni ojú ìwọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ ẹsẹ̀ kan sókè gẹ̀rẹ́, èkejì sísàlẹ̀, kí ẹ máa fi pákó ti abẹ́ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ títí okùn á fi bọ́ sí àmì àárín. Bí pákó náà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, ilẹ̀ yín ń sọ̀ ní 5%. Bó bá jẹ́ 20, ó di 10%. Igi yìí kan náà lẹ ó fi fa ìlà tó bára dọ́gba fún ebè, fún vetiver àti fún òkúta, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ nù.

Èkejì: ta ló ni ilẹ̀? Àwọn ìwé ìmọ̀ràn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ibí, bẹ́ẹ̀ ibí gan-an lọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bàjẹ́. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, tàbí tó yá ilẹ̀ fún ọdún méjì, kò lómìnira láti gbin igi. Igi ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti di tẹni tó gbìn ín. Onílẹ̀ tó bá rí i á ní kí ẹ hú u.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ iṣẹ́: ìgbà wo ni iṣẹ́ náà máa bọ́ sí, ṣé ìgbà tí ẹ ráyè ni àbí ìgbà tí ẹ ń tulẹ̀ tí alágbàṣe wọ́n? Ẹ̀kẹrin ni bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ da omi kún un, kó fà tán, ẹ tún da ẹ̀ẹ̀kejì. Bí omi ẹ̀ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ alámọ̀ tó ń lọ́ra ni, ẹ ṣọ́ra fún ohunkóhun tó ń dá omi dúró sójú kan.

Bíbo ilẹ̀ pẹ̀lú koríko àti pòpórò

Bí wọ́n bá ní ká mú ẹyọ kan ṣoṣo, èyí la máa mú. Kì í ṣe omi tó ń ṣàn ló kọ́kọ́ ń ba ilẹ̀ jẹ́, ẹ̀kán omi òjò ni. Bó bá já lu ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, èyí tó kúnná á dí ihò tí omi ń gbà wọlẹ̀, ojú ilẹ̀ á dì, omi tí kò ríbi wọlẹ̀ á wá di àgbàrá. Koríko tó tẹ́ sílẹ̀ ló ń gba ìgbájú yẹn.

Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tó wà n'Íbàdàn, láàárín àwọn ọdún 1970, onímọ̀ ilẹ̀ Rattan Lal àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wọn ohun tí omi ń gbé lọ lórí ilẹ̀ tó ń sọ̀ ní 1%, 5%, 10% àti 15%. Níbi tí ilẹ̀ wà ní ìhòòhò, ìparun náà pọ̀ gan-an. Níbi tí wọ́n fi pòpórò bo ilẹ̀, tí wọ́n sì gbin àgbàdo láìtú ilẹ̀, ohun tó lọ kò tó nǹkan, kódà lórí ilẹ̀ tó ń sọ̀ jù lọ. Ìwọ̀n tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni tọ́ọ̀nù 4 sí 6 koríko gbígbẹ lórí hẹ́kítà kan. Lórí éékà kan, ó lé ní tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ dé bíi tọ́ọ̀nù 2.4.

Ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ wà. Pòpórò tí oko àgbàdo yín fúnra rẹ̀ bá mú jáde lè má tó ìdajì èyí, màlúù sì lè ti jẹ ẹ́ kí òjò tó dé, iná ọyẹ́ sì lè ti jó o. Ikán náà ń jẹ tirẹ̀. Ẹ ó ní láti fi ewé igbó, koríko ẹ̀bá ọ̀nà tí kò tíì so, tàbí èèpo kòkó kún un. Koríko tó ti so á hù mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun kejì: pòpórò àti koríko gbígbẹ máa ń gba nitrogen (ọ̀kan lára oúnjẹ ewéko) lọ́wọ́ irúgbìn ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń rà á nílò rẹ̀. Bí ewé àgbàdo yín bá pọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kì í ṣe àìsàn; ẹ bu ìgbẹ́ adìẹ tó ti rà sí ìdí rẹ̀.

Owó rẹ̀ kéré, òógùn rẹ̀ pọ̀. Kò sí onílẹ̀ tó máa bá yín jà nítorí rẹ̀. Ó dára gan-an fún ewébẹ̀, tòmátò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu lórí ilẹ̀ tí kò tó éékà kan. Lórí éékà mẹ́wàá, ẹ ò ní rí koríko kó.

Ebè tó dábùú gẹ̀rẹ́

Ebè kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé awakọ̀ katakata fẹ́ràn láti máa ti òkè lọ sísàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti yí. Poro kọ̀ọ̀kan tó bá fà bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀nà àgbàrá, ẹ fowó yín ra ìparun nìyẹn. Kí katakata tó wọ oko, ẹ fi igi ìwọ̀n yín fa ìlà kan dábùú láàárín oko, ẹ kan èèkàn sí i ní mítà márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ náà pé ìlà yẹn ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Àwọn kan á ráhùn. Ẹ ṣe àdéhùn náà kó tó gba owó.

Ebè tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 ti tó. Lórí ilẹ̀ yanrìn, ẹ tún lè fi ọkọ́ gbá ilẹ̀ dí poro ní mítà 2 sí 3 síra wọn, kí ìdínà náà ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kó má ga tó ebè. Ó ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀: bí omi bá kún, orí ìdínà ló yẹ kó gbà kọjá sínú poro tó kàn. Bí ìdínà bá ga tó ebè, ebè ni omi máa já, èyí tó já lókè á já ti ìsàlẹ̀, gbogbo omi poro mẹ́wàá á sì dà pọ̀ sójú kan. Oko tó bàjẹ́ lọ́nà yìí máa ń burú ju oko tí wọn ò kọ ebè sí lọ.

Lórí ilẹ̀ alámọ̀ tí ẹ fi omi dán wò tí kò fà, ẹ má dí poro rárá. Ẹ̀gẹ́ á rà, àgbàdo á pọ́n. Ẹ kàn jẹ́ kí ebè dẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí omi máa rọra ṣàn lọ síbi tí koríko ti bo ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ro.

Ilẹ̀ tó ń sọ̀ ní 2% sí 7% ló wà fún. Bó bá ti ju ìyẹn lọ, ebè nìkan kò lè dá a dúró. Ọdọọdún lẹ ó sì máa tún un kọ.

Mucuna, tàbí ẹ̀gúsí fún ẹni tó fẹ́ tètè rówó

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ní agbègbè Mono ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, koríko ẹ̀kan ti gba oko lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Mucuna ni wọ́n fi lé e. Ó máa ń nà bo ilẹ̀ pátápátá, ẹ̀kan tí kò rí oòrùn á kú, ewé rẹ̀ tó bá jábọ́ á bo ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á sì fa nitrogen sínú ilẹ̀. Bíbo ilẹ̀ láìsí pé ẹ ń ru koríko ni.

Ẹ gbìn ín sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo bá ti pé ọjọ́ 40 sí 45, hóró méjì sínú ihò kan, sẹ̀ǹtímítà 80 sí 40 síra wọn. Bí ẹ bá gbìn ín ṣáájú ìgbà yẹn, á gun àgbàdo, á sì fà á lulẹ̀. Ìbátan wèrèpè ni, nítorí náà ẹ ra irú èyí tí èèpo rẹ̀ kò ní irun tó ń yún ni, ẹ sì fọwọ́ kan èèpo rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Hóró rẹ̀ ní L-dopa, èròjà tó lè pa èèyàn lára, nínú. Kì í ṣe ẹ̀wà tí a ń sè jẹ bẹ́ẹ̀, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ.

Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni àrọ̀kúrò: níwọ̀n ìgbà tó bá wà nílẹ̀, ẹ ò lè gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀. Kò bá ẹ̀gẹ́ àti iṣu gbé pọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó bá gbẹ, iná kan ṣoṣo lè gba gbogbo èrè rẹ̀, nítorí náà ẹ ro ààlà oko ní mítà 3 yíká.

Ẹni tí kò lè fi sáà kan sílẹ̀ lásán, kó gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu tàbí àgbàdo láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kò ní bo ilẹ̀ pẹ́ tó mucuna, kò sì ní ṣẹ́gun ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ní wà ní ìhòòhò lákòókò tí òjò ń le jù, ẹ ó sì ní nǹkan láti gbé lọ sọ́jà. Ó yà wá lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń fojú fo èyí tí àwọn baba wa ti ń ṣe.

Vetiver

Koríko yìí kì í rìn káàkiri bí ẹ̀kan. Irú èyí tí wọ́n ń tà fún dídá àgbàrá dúró kì í so èso tó ń hù. Ibi tí ẹ bá gbìn ín sí ló máa wà. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó lè jìn tó mítà 3, kì í sì í fẹ̀ jà fún oúnjẹ pẹ̀lú irúgbìn. Ìdí rẹ̀ tó ki ló ń sẹ́ omi: omi á kọjá, ilẹ̀ tó gbé á dúró lẹ́yìn rẹ̀, títí ibẹ̀ á fi tẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ gé ewé rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 20, gbòǹgbò sí 10, kí ẹ ya á sí ìdì ọmọ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gbìn ín ní ìlà kan ṣoṣo, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 síra wọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan yẹ kó rẹlẹ̀ ju ti òkè rẹ̀ lọ ní mítà kan: lórí ilẹ̀ tó ń sọ̀ ní 5%, ìyẹn jẹ́ mítà 20 láàárín ìlà méjì, lórí 10%, mítà 10. Éékà kan tó ń sọ̀ ní 5% máa gba ìlà mẹ́ta, nǹkan bí 1,300 ìdì bí wọ́n bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra wọn.

Owó ìdì yìí ló ń lé èèyàn sá. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ ra ọgọ́rùn-ún péré, kí ẹ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ odò tàbí ibi tí omi wà, kí ẹ sì máa ya á. Lọ́dún kejì, ẹ ó ní èyí tó tó oko.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni àlàfo. Bí ìdì mẹ́ta bá kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, omi tí gbogbo ìlà dá dúró á rọ́ gba ibẹ̀, kòtò á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ fi òmíràn dípò. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gé e sí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50 ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Kó máa ki sí i nìyẹn, ewé tí ẹ gé náà á sì di ohun tí ẹ fi ń bo ilẹ̀. Kò fẹ́ òjìji, nítorí náà kò ní ṣe dáadáa lábẹ́ kòkó tó ti dàgbà.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un: ẹni tó kọ́lé sí gẹ̀rẹ́ òkè náà lè fi vetiver dá ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé dúró, ó sì rọ̀ lówó ju ògiri sìmẹ́ǹtì lọ.

Títo òkúta

Ìdànrè, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, apá kan Abẹ́òkúta: bí òkúta bá wà nínú oko yín, ẹ lò ó. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló máa gbé e wá, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 lójú ìlà tí ẹ fà, ẹ to òkúta ńlá sínú rẹ̀, ẹ fi kékeré dí ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òkè, kí gbogbo rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Ẹni tí kò bá gbẹ́ ilẹ̀ kó tó tò ó, omi á gba abẹ́ rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ oko kò pọ̀, niṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí, ìyẹn sì ni àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù. Ẹ fi ọkọ́ yí òkúta kí ẹ tó fọwọ́ kàn án; àkéekèé àti ejò ń gbé abẹ́ rẹ̀.

Agúnmániyẹ̀ ní ìlà

Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni onímọ̀ ilẹ̀ B. T. Kang ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní IITA, pẹ̀lú igi leucaena àti agúnmániyẹ̀ (gliricidia): ìlà igi ní mítà 4 síra wọn, irúgbìn láàárín, kí wọ́n máa gé igi náà kí ewé rẹ̀ di ajílẹ̀. Ilẹ̀ jàǹfààní lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò tẹ̀ lé e, wọ́n sì ní ìdí. Gígé rẹ̀, tó yẹ kó máa wáyé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń ro oko, bí wọ́n bá sì pa á jẹ lẹ́ẹ̀kan, òjìji á bo àgbàdo. Tiẹ̀ tún wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kì í ṣe tẹni.

Ẹni tó bá ni ilẹ̀ rẹ̀, tó ń gbin iṣu tó nílò ọ̀pá, tó sì ń sin ewúrẹ́ nínú ọgbà, ó lè rí èrè mẹ́ta lára igi kan. Àwa ò ní gbà ẹlòmíràn nímọ̀ràn rẹ̀. Bí ẹ bá máa gbìn ín, ẹ mú agúnmániyẹ̀, ẹ fi leucaena sílẹ̀. Èso leucaena máa ń hù káàkiri oko.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bí ẹ bá yá ilẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, ẹ kọ ebè dábùú, ẹ fi ẹ̀gúsí bò ó, ẹ má ná kọ́bọ̀ sórí ohun tí ẹ ò ní lè gbé lọ. Bí ìṣákọ́lẹ̀ yín bá ti pẹ́, tí ọ̀rọ̀ sì dán mọ́rán láàárín ẹ̀yin àti onílẹ̀, ẹ sọ fún un kí ẹ tó gbin vetiver. Koríko ni, kì í ṣe igi, wọn kì í sábà kọ̀ ọ́.

Onílẹ̀ tí oko rẹ̀ ń sọ̀ ní 8% sí 15%: vetiver tàbí òkúta ní ìlà, àti bíbo ilẹ̀ láàárín wọn. Ìlà nìkan kò tó, torí ẹ̀kán omi òjò ṣì ń fọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà méjì. Ilẹ̀ tí ẹ̀kan ti gbà, kódà tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, mucuna. Ewébẹ̀ lórí ilẹ̀ kékeré, koríko gbígbẹ. Bó bá ti ju 15% lọ, ẹ má túlẹ̀ rárá. Kòkó, ọ̀pẹ tàbí igi gẹdú ló yẹ ibẹ̀.

Kòtò tó ti jìn ju orúnkún lọ kò sí nínú èyí tí a kà yìí. Àpò yanrìn tí wọ́n máa ń dà sínú rẹ̀ máa ń gbó lábẹ́ oòrùn, á sì já. Ẹ gòkè lọ, ẹ wá ibi tí omi náà ti ń wọlé, ẹ darí rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí koríko bò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbin vetiver dábùú inú kòtò láti òkè wá sísàlẹ̀.